Ìyálé Inú Ìwé Mi

Àwọn tó ti ka ìwé mi kì í béèrè bí mo ṣe kọ ọ́. Ohun tí wọ́n máa ń béèrè ni pé ta ni mo fi ìyálé inú rẹ̀ bá wí. Àní obìnrin kan dá mi dúró ní Powis Street, ní London níbí, lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù tí mo ti fẹ́ ra ẹ̀fọ́, ó ní, "Sister, ẹ sọ òótọ́ fún mi, ẹ mọ̀ ọ́n, àbí?" Mo ní mi ò mọ̀ ọ́n. Ó ṣẹ́jú sí mi, ó ní kò burú, òun náà ò ní sọ fún ẹnì kankan. Kí ni kí n ṣe fún irú wọn? Ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ ọ́ síbí yìí lẹ́ẹ̀kan, kí n sinmi.

Ìlú kékeré ni ìlú wa, ní ìhà gúúsù Ìjẹ̀bú, níbi tí ilẹ̀ ti ń rọra lọ bá ọ̀sà. Ìlú tó jẹ́ pé bí ewúrẹ́ rẹ bá bímọ lóru, àwọn aládùúgbò á ti mọ iye ọmọ kí ìwọ tó jí. Ìyá mi ni wọ́n ń wẹ òkú obìnrin níbẹ̀. Ìyá Àdínnì ni gbogbo ìlú ń pè wọ́n. Bí obìnrin Mùsùlùmí bá kú láàárọ̀, àwọn ará ilé rẹ̀ á ránṣẹ́, Ìyá á gbé àpò wọn, ọṣẹ, káfúrà, lọ́fínńdà, aṣọ funfun, wọ́n á sì wọ yàrá lọ bá òkú. Kí a tó kí Àlàásárì, òkú ti wà nínú ilẹ̀. Ìyá kì í gba nǹkan kan lórí ẹ̀, bí èèyàn bá tiẹ̀ fi ìrẹsì ránṣẹ́, wọ́n á dá a padà.

Ìyá kì í sọ ohun tí wọ́n bá rí lára òkú. Wọn kì í sọ rere, wọn kì í sọ búburú. Nígbà tí mo wà lọ́mọge, mo bi wọ́n pé ṣebí àwọn àlùfáà ní èèyàn lè sọ ohun rere tó bá rí. Ìyá ní, "Bí mo bá sọ pé ojú òkú àná ń dán, tí mi ò sọ nǹkan kan nípa ti òní, ṣé mi ò ti sọ̀rọ̀ òkú òní nìyẹn?" Gbogbo ìlú mọ̀ wọ́n mọ́ ọn. Ìdí nìyẹn tí ilẹ̀kùn kankan kì í fi í tì mọ́ wọn.

Nígbà òtútù ni mo dé Thamesmead ní London. Gbogbo èèyàn ti sọ̀rọ̀ òtútù fún mi títí, kò yà mí lẹ́nu mọ́. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni òkú. Ọkùnrin kan tó ń gbé nísàlẹ̀ ilé wa kú, ẹni tó ń gbá àtẹ̀gùn ló sọ fún mi. Mo ń retí kí èrò ya wọlé, kí wọ́n to àga síta, kí ẹnì kan tiẹ̀ sunkún. Kò sẹ́ni tó wá. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, òmíràn tún kọjá, wọn ò tíì sin ín. Mo pe Ìyá, mo ní òkú kan wà ládùúgbò wa tí kò tíì wọlẹ̀.

"Ṣé wọn ò rómi ni?" ni Ìyá bi mí.

Mo ní omi ò wọ́n wa níbí. Adágún wà níwájú ilé, odò Thames wà lẹ́yìn ẹ̀. Èèyàn ni kò sí.

Iṣẹ́ tí mo rí ni ìtọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn. Mo máa ń wọ bọ́ọ̀sì láti ilé ẹni kan lọ sí ilé ẹlòmíràn, màá wẹ̀ wọ́n, màá wọṣọ fún wọn, màá fún wọn ní oògùn. Nígbà tí mo ṣàlàyé ẹ̀ fún Ìyá lórí fóònù, wọ́n ní kí n tún un sọ.

"Àwọn tí ò ń wẹ̀ yìí, wọ́n wà láàyè?"

"Wọ́n wà láàyè, Ìyá."

"Wọ́n sì ń sanwó fún ọ?"

"Wọ́n ń san án o."

Ìyá bú sẹ́rìn-ín. "Ha! Àwọn tèmi kì í tiẹ̀ kí mi pé mo ṣeun."

Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Lẹ́yìn tí mo gbé fóònù sílẹ̀, ilé dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ẹni tó bá ti gbé ìlú yìí á mọ irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tí mò ń sọ. Ìgbà mìíràn wà tí mo máa ń sọ̀rọ̀ sókè ní ilé ìdáná kí n lè gbọ́ Yorùbá.

Lára àwọn tí mo ń tọ́jú ni ìyá òyìnbó kan ní Abbey Wood. Miss Joan ni mo ń pè é. Mo kọ́kọ́ pè é ní Mummy, ó ní òun ò bímọ fún ẹnì kankan, kí n jọ̀ọ́. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, ìwé ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ló sì kún ilé ẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Bí mo bá ti wẹ̀ ẹ́ tán, tí mo gbé tíì fún un, á ní kí n ka ojú ìwé díẹ̀ fún òun kí n tó máa lọ. Èyí tí a kọ́kọ́ jọ kà tán dá lórí ìlú kékeré kan ní gúúsù Amẹ́ríkà. Ẹni tó kọ ọ́ ò kọ ìwé rí. Wọ́n bá obìnrin kan lókùú lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo ìlú ló mọ nǹkan kan, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ sọ. Ọ̀gá ọlọ́pàá ibẹ̀ ń jẹun nílé àwọn tó yẹ kó mú. Àwọn obìnrin ń gbé oúnjẹ lọ sílé olóòkú kí wọ́n lè ráyè yọjú wo yàrá. Mo kà á débẹ̀, mo dúró. Miss Joan ní kí ló dé.

Mo ní, "Mo mọ ìlú yìí."

Ó ní ṣé mo ti dé Amẹ́ríkà rí ni. Mo ní rárá o.

Ohun kan ṣoṣo ni ò bá tiwa mu. Nínú ìwé yẹn, òkú wà ní mọ́ṣúárì títí ìtàn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, dókítà ń yẹ̀ ẹ́ wò, ọlọ́pàá ń lọ, ọlọ́pàá ń bọ̀. Nílùú tiwa, kí ọlọ́pàá tó rí epo bu sí ọkọ̀, òkú ti wọlẹ̀ tipẹ́. Ẹni tó wẹ̀ ẹ́ nìkan ló rí i kẹ́yìn, ẹni yẹn kì í sì í sọ̀rọ̀. Inú bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Woolwich ni mo wà nígbà tí èyí sọ sí mi lọ́kàn. Mo kọjá ibi tó yẹ kí n ti bọ́ sílẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo rí ọmọbìnrin kan tó sáré jáde ní sàlúùnù kan ní Powis Street. Làálì tútù wà lọ́wọ́ ọ̀tún ẹ̀, kò sí nǹkan kan lọ́wọ́ òsì. Ó ń pariwo sínú fóònù pé, "I'm coming, I'm coming!" Obìnrin tó ń lé làálì fún un dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó lọ tìyanutìyanu. Mo ní: bí ọmọ yìí bá kú báyìí, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, ẹni tó bá wẹ̀ ẹ́ á mọ̀ pé ẹnì kan wà lọ́dọ̀ ẹ̀, tí iṣẹ́ ò tíì tán lọ́wọ́ wọn.

Bí mo ṣe rí ìtàn mi nìyẹn. Ìlú kékeré kan létí ọ̀sà, mo fún un ní orúkọ tí kò sí níbì kankan. Ìyàwó kékeré nílé olówó kan kú nígbà tí Iléyá ku ọ̀la. Àwọn ará ilé ní ó ṣubú ní balùwẹ̀ ni. Obìnrin tó wẹ̀ ẹ́ ò rí ọgbẹ́ kankan lára ẹ̀, àfi làálì ọwọ́ kan ṣoṣo. Wọ́n sin ín. Obìnrin yìí délé, oorun ò kùn ún. Ta ló ń lé làálì fún ìyàwó? Kí ló dé tí ẹni náà ò sọ pé òun wà níbẹ̀? Kò gbọdọ̀ sọ ohun tó rí lára òkú, ó wá di pé kó máa fọgbọ́n wá a láti ilé dé ilé. Ìyálé ló pa á. Mo ti sọ ọ́ fún yín, ẹ ṣáà lọ ra ìwé náà bákan náà.

Orí fóònù ni mo ti kọ ọ́, nínú bọ́ọ̀sì, láàárín ilé arúgbó kan sí òmíràn. Nígbà tó yá mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á fún àwọn obìnrin. Lọ́jọ́ Sunday, àwa obìnrin Yorùbá tó jẹ́ Mùsùlùmí máa ń ṣe àsálátù nínú gbọ̀ngàn kan tí a háyà ní Woolwich. Bí a bá ti ṣàdúrà tán, tí a ń jẹun, wọ́n á ní, "Ìwé dà?" Màá dìde. Ariwo á bẹ̀rẹ̀.

"Ìmáámù ni!" Auntie kan tó ń wa bọ́ọ̀sì ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀.

"Ẹ fi Ìmáámù sílẹ̀, Auntie."

"Àní Ìmáámù ni. Kí ló ń wá nílé yẹn láàárọ̀ kùtù?"

Ọmọbìnrin kan tí wọ́n bí síbí, tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì, ní, "It's the husband. Ọkọ ni, it's always the husband." Àwọn àgbà ní kó dákẹ́, kò tíì ní ọkọ, kí ló mọ̀.

Inú mi ń dùn o. Ó ti pẹ́ tí mo ti wà nílùú yìí kí ẹnì kankan tó máa retí mi níbì kan tí kì í ṣe nítorí pé mo fẹ́ wẹ̀ ẹ́. Nígbà tí àwọn atẹ̀wé kékeré kan ní Ìbàdàn sọ pé àwọn á tẹ ìwé náà, mo ra ẹran ewúrẹ́, mo se é, mo dá jẹ ẹ́ tán, mo tún pe Ìyá kí wọ́n bá mi yọ̀. Ìyá ní, "Wọ́n á tẹ orúkọ ẹ sára ẹ̀?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá ní, "Orúkọ bàbá ẹ náà?" Mo ní òun náà. Wọ́n súre fún mi títí fóònù fi já.

Nínú àwa oníàsálátù ni Sister Ṣàkírá wà. Ọmọ ìlú wa ni, Thamesmead lòun náà ń gbé. Alhaji Bùràímọ̀ ni bàbá ẹ̀, ọlọ́rọ̀ tí ilé ẹ̀ wà nídìí mọ́sálááṣí ńlá nílé. Ìyá ẹ̀, Alhaja Ràbíátù, wà lọ́dọ̀ ẹ̀ níbí, wọ́n wá bá a tọ́ ọmọ, àìsàn sì dá wọn dúró. Ó yẹ kí n fi èyí kún un: Alhaji ní ìyàwó kékeré kan nígbà kan, Sìdíkátù. Ọjọ́ tí Iléyá kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ ló kú, ó ti pẹ́ gan-an. Ìyá mi ni wọ́n wẹ̀ ẹ́. Ìbàdàn ni mo wà nígbà náà, Sìdíkátù ò tiẹ̀ wá sí mi lọ́kàn nígbà tí mò ń kọ ìwé. Ẹ lè gbà mí gbọ́, ẹ lè má gbà mí gbọ́. Ìlú wa ò gbà mí gbọ́.

Ẹnì kan ló fi fóònù gba ohùn mi sílẹ̀ bí mo ṣe ń kàwé. Mi ò mọ ẹni náà títí di òní. Ohùn náà lọ láti Woolwich sí Èkó, láti Èkó ó délé. Èrò àwọn ará ilé ò sì le: ọmọ Ìyá Àdínnì ní ẹni tó wẹ òkú rí nǹkan. Ta ló ń wẹ òkú? Ìyá ẹ̀. Níbo lọmọ á ti gbọ́ ọ bí kì í bá ṣe lẹ́nu ìyá? Kò sẹ́nì kan nínú wọn tó rò pé èèyàn lè jókòó kó fi orí ara ẹ̀ hùmọ̀ òkú. Ta ló máa wà ní London, kó máa ronú òkú nílé, tí kì í bá ṣe pé ó mọ òkú kan?

Ti Alhaja Ràbíátù tí wọ́n jẹ́ ìyálé Sìdíkátù, pé àwọn ló pa á, abẹ́lẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ ọ́. Ti Ìyá mi, wọ́n ṣe é lójú ayé.

"Ìyá Múíbátù kú láàárọ̀," ni Ìyá sọ fún mi lórí fóònù.

"Ọlọ́run á forí jì wọ́n. Ẹ ti wẹ̀ wọ́n?"

"Wọ́n lọ mú obìnrin kan wá láti ìlú kejì."

Mo ní, "Láti ìlú kejì kẹ̀?"

"Mo ti gbé omi kaná kí n tó gbọ́," ni Ìyá wí. "Mo fi wẹ ara mi."

Ẹ̀dùn ọkàn tí mo ní lọ́jọ́ yẹn, mi ò ní irú ẹ̀ rí. Lójú ẹsẹ̀ ni mo gba ohùn sílẹ̀ tí mo fi ránṣẹ́ sí gúrúùpù àwọn ọmọ ìlú. Mo ní ìtàn lásán ni, mo ní mo parọ́ ni, mo ní Ìyá mi ò sọ nǹkan kan fún mi rí láyé. Ìyẹn gan-an ló wá bà á jẹ́ pátápátá. Àwọn èèyàn ní ẹ ò rí i, wọ́n ti halẹ̀ mọ́ ọn, àbí kí ló ń bẹ̀bẹ̀ fún tí a ò bi í? Òkú kejì ṣẹlẹ̀, wọn ò pe Ìyá. Òmíràn tún ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ilé wa gan-an, ilé tí Ìyá lè gbọ́ ẹkún wọn láti yàrá. Wọn ò pè wọ́n.

Mo pe àwọn atẹ̀wé, mo ní kí wọ́n dá ìwé dúró. Mo sọ fún Ìyá, mo rò pé inú wọn á dùn.

Ìyá ní, "Bí o bá dá ìwé dúró, ṣé etí wọn á gbàgbé ohun tó ti gbọ́?"

"Ìyá, kí ni kí n wá ṣe?"

"Mi ò mọ̀. Ìwé náà dáa. Wọ́n gbé e fún mi gbọ́. Àmọ́ obìnrin tó ń wẹ òkú nínú ẹ̀ ń rojọ́ jù."

Nígbà yẹn ni mo wá ronú ohun tí ilé jẹ́. Àwọn kan ní ilé ni ibi tí wọ́n ri ìwọ́ ẹ sí. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbí ní ilé ni ibi tí kọ́kọ́rọ́ ẹ ti ń ṣílẹ̀kùn. Lójú tèmi o, ibi tó o bá ti mọ ẹni tó máa wẹ̀ ọ́ bí o bá kú, ibẹ̀ nilé. Nígbà tí mo dé Thamesmead, mi ò mọ ẹni náà, ẹ̀rù ẹ̀ sì ń bà mí ju òtútù lọ. Mo ti wá mọ̀ ọ́n báyìí, àwọn obìnrin àsálátù ni. Ṣùgbọ́n Ìyá mi tó wẹ ìdajì àwọn obìnrin ìlú, inú ìlú tí wọ́n bí wọn sí gan-an ni wọn ò ti mọ ẹni tó máa wẹ̀ wọ́n mọ́. Ìwé mi ló fà á.

Ṣàkírá ti dẹ́kun àtikí mi. Bí mo bá wọ gbọ̀ngàn, á kọjú síbòmíràn, mi ò sì lè bá a wí. Lọ́jọ́ Sunday kan ó wá bá mi níbi tí mo ti ń kó àga jọ. Ẹgbẹ́ ni wá, "ìwọ" ló máa ń pè mí láti kékeré.

Ó ní, "Mummy ní kí ẹ wá. Wọ́n fẹ́ rí yín."

Mo tẹ̀ lé e lọ. Alhaja Ràbíátù jókòó sẹ́bàá fèrèsé, wọ́n ń wo àwọn ẹyẹ funfun ńlá tó wà lórí adágún. Wọ́n ti gbẹ gan-an. Ọkàn wọn ò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́, dókítà ti sọ bó ṣe máa parí sí fún ọmọ wọn. Mo kúnlẹ̀.

"Ẹ káàsán, Mummy. Ẹ kú ara."

"Ọmọ Ìyá Àdínnì," ni wọ́n wí. "Wọ́n ní mo pààyàn."

Ṣàkírá ní, "Mummy, please now."

"Fi mí sílẹ̀. Ìwé náà dà? Ka apá ìparí ẹ̀ fún mi. Mi ò lè kú láì mọ bí wọ́n ṣe mú mi."

Lórí ìkúnlẹ̀ ni mo ti ṣí fóònù mi. Mo ka ibi tí obìnrin tó ń wẹ òkú ti gbé ewé làálì lọ sílé ìyálé ní Iléyá ọdún kejì, tó ní kó bá òun lé e. Ìyálé fi iyọ̀ sí ọbẹ̀ tó ń sè lẹ́ẹ̀mejì, ó gbé e kúrò lórí iná, ó wá lé làálì sọ́wọ́ àkọ́kọ́, ọwọ́ ẹ̀ dúró ṣinṣin. Nígbà tó kan ọwọ́ kejì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, kò lè lé e. Mo kà á tán. Alhaja ti di ojú, mo rò pé wọ́n ti sùn.

"Obìnrin yìí ò mọ nǹkan kan," ni wọ́n wí. "Ọbẹ̀ wo ló ń sè tó fi iyọ̀ sí i lẹ́ẹ̀mejì? Èmi kọ́ nìyí o."

"Ẹ̀yin kọ́ ni, Mummy."

"Ibà ló pa Sìdí. Kò sí mọ́tò lọ́jọ́ yẹn, Alhaji ò sí nílé. Mo pọ̀n ọ́n lọ sí ọsibítù bí ọmọ. Ẹ̀yìn mi ló kú sí."

Ṣàkírá wo ìyá ẹ̀. Ó hàn lójú ẹ̀ pé kò gbọ́ ọ rí.

"Ṣé ìyá ẹ sọ nǹkan kan fún ọ nípa Sìdí?"

"Mo fi Allah búra, Mummy, wọn ò sọ."

"Mo mọ̀. Bí wọ́n bá sọ fún ọ ni, ìwé náà ì bá dáa jù báyìí lọ."

Ẹ̀rín pa mí, ẹkún náà sì gbà mí, mi ò mọ èyí tí màá ṣe. Alhaja ní kí Ṣàkírá gbé fóònù wá, kó gba ohùn àwọn sílẹ̀ fún àwọn ará ilé.

"Èmi Ràbíátù ìyàwó Bùràímọ̀ ni mò ń sọ̀rọ̀," ni wọ́n wí. "Ara mi ò dá. Bí Ọlọ́run bá gba ẹ̀mí mi níbí, ọmọ Ìyá Àdínnì ni kó wẹ̀ mí. Bó bá jẹ́ pé ilé ni mo wà, ìyá ẹ̀ ni màá ní kí wọ́n pè. Ẹni tó bá ní nǹkan tó ń fi pa mọ́ ni kó máa bẹ̀rù ojú wọn."

Ṣàkírá ní, "Mummy, ẹ ò ní í kú." Alhaja yíjú sí mi.

"Wọ́n ní o ti dá ìwé dúró. Jẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Àmọ́ tún ọbẹ̀ yẹn ṣe."

Ohùn náà délé. Gúrúùpù dákẹ́ lọ gbári. Mo rò pé ọ̀rọ̀ tán nìyẹn, mo ń retí kí wọ́n pe Ìyá. Wọn ò pè wọ́n. Ìyá ní kí n má dààmú, ẹnu lásán ni Alhaja fi sọ ọ́, àwọn èèyàn ń dúró wò ó bóyá ara á bá ẹnu mu.

Alhaja kú ní ọsibítù ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀. Ìwé àṣẹ ìsìnkú gba ọjọ́ mélòó kan, ìwọ̀nyẹn ò yà mí lẹ́nu mọ́. Àwọn kan láti ilé pe Ṣàkírá, wọ́n ní kó wá ẹlòmíràn, kó má fi ìyá ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní ọ̀rọ̀ tí ìyá òun sọ ni òun máa ṣe. Mo pe Ìyá. Mo ti bá wọn lọ wẹ òkú rí nígbà tí mo wà lọ́mọge, mo ti bá àwọn obìnrin àsálátù ṣe é níbí náà, síbẹ̀ mo ní kí wọ́n tún un kọ́ mi.

Ìyá ní, "Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́. Apá ọ̀tún ni kó o ti bẹ̀rẹ̀. Má jẹ́ kí ara wọn ṣí sílẹ̀ rárá. Má yára. Bí ẹkún bá ń gbọ̀n ọ́, jáde síta, sun ún tán, kó o tó padà wọlé."

Yàrá ẹ̀yìn mọ́sálááṣí ni a ti wẹ̀ wọ́n. Ṣàkírá ń da omi, èmi ń fọwọ́ wẹ̀. Auntie tó ń wa bọ́ọ̀sì ń ká aṣọ funfun. Lẹ́ẹ̀kan, Ṣàkírá bi mí pé ṣé omi ò gbóná jù, mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Mo jáde sunkún lẹ́ẹ̀kan, mo padà wọlé. A fi káfúrà sí omi ìkẹyìn, a wé wọn, a gbé wọn jáde fún àwọn ọkùnrin. Ohun tí mo ṣe nìyẹn. Èyí tí mo rí kì í ṣe tèmi láti sọ.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí a sin wọ́n, nọ́ńbà kan láti ilé pè mí. Alhaji Bùràímọ̀ ni. Alhaji ò pè mí rí.

"Ẹ kú àṣẹ̀yìndè, Bàbá. Ọlọ́run á tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere."

"Àmín, ọmọ mi. O ṣeun." Wọ́n wúkọ́. "Ìwọ lo wẹ̀ ẹ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ó ti pẹ́ tí mo ti fojú kàn án. Fóònù nìkan la fi ń ríra. Sọ fún mi. Báwo lo ṣe bá a? Ṣé ojú ẹ̀ tutù? Ṣé nǹkan kan ò ṣe é lára? Sọ fún mi, màá fi sùn."

Àgbàlagbà ń sunkún létí mi. Ọ̀rọ̀ kan péré ló ń fẹ́. Ẹnu mi ti là, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ́.

"Bàbá," ni mo wí, "mo wẹ̀ wọ́n, mo wé wọn, mo fi wọ́n lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí."

Mo gbọ́ tí wọ́n ń fun imú.

"Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìyá ẹ dá mi lóhùn nígbà tí Sìdí kú," ni Alhaji wí. "Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Èmi tí mo fẹ́ Sìdí, kò sọ fún mi." Wọ́n mí kanlẹ̀. "Báwo ló ṣe máa wá sọ fún ọ?"

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo pe Ìyá láti inú bọ́ọ̀sì, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló gbé fóònù. Ó ní obìnrin kan kú lápá odò, Alhaji Bùràímọ̀ fúnra wọn ni wọ́n fi mọ́tò wá gbé Ìyá lọ láàárọ̀. Ó ní ṣé kí òun sáré gbé fóònù lọ bá wọn. Mo ní rárá o, kó fi wọ́n sílẹ̀, wọ́n wà lẹ́nu iṣẹ́.